Mo Wá Òdòdó Dé Kàdúná

Ìyàwó mi kò fẹ́ kí n lọ. Láti ọjọ́ 28 oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2022 tí àwọn agbébọn ti dá ọkọ̀ ojú irin lọ́nà láàárín Àbújá àti Kàdúná, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó àwọn mìíràn wọ igbó fún ọ̀pọ̀ oṣù, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Kàdúná nínú ilé wa, ṣe ni yóò dìde kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo wá sọ fún un ní oṣù Èrèlè ọdún 2025 pé àwọn ìwé àtijọ́ kan wà ní Arewa House tí mo gbọ́dọ̀ fi ojú ara mi rí, kò bá mi jiyàn. Ó di ẹrù mi, ó fi ẹ̀wù òtútù kan sí i nítorí ọyẹ́, ó ní, "Bàbá Bọ̀lá, ara yín ni kí ẹ mú bọ̀ fún mi."

Mo ti pinnu nínú ọkàn mi pé n kò ní mú ara nìkan bọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù náà, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní ọjọ́ olólùfẹ́, yóò bá mi ní Kàdúná, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ọdún 19 ni èmi àti ìyàwó mi ti jọ ń gbé, n kò ra òdòdó fún un rí. Mo ti ra aṣọ, mo ti ra bàtà, mo ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Bí ọ̀rọ̀ òdòdó bá délẹ̀, mo máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni, pé Yorùbá kì í fi ohun tí yóò rọ lọ́la wá ojú rere obìnrin. Mo sì gbà pé bí n ó bá tilẹ̀ ra òdòdó láyé mi, Òkè Ọya ni ibi tó kẹ́yìn tí n ó ti rí i rà. Kàdúná tó wà lọ́kàn mi, ti inú ìròyìn ni: eruku, ṣọ́jà, àti ọkùnrin tí kì í bá ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín níta.

Òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ọyẹ́ ti sọ ojú sánmọ̀ di funfun bí omidùn, ètè mi ti ń ya, ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ tó gbé mi ṣe yà wọ Ungwan Rimi ni òórùn dídùn kan bò wá mọ́lẹ̀, bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Mo bi ọmọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà pé kí ni. Ó na ìka sókè láìwo ibẹ̀, ó ní, "Mangwaro." Igi máńgòrò tò rẹrẹ lẹ́yìn ògiri àwọn ilé, gbogbo wọn ń tanná, òdòdó wọn wẹ́wẹ́ ń já bọ́ sójú títì. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ máńgòrò ní Ìbàdàn. N kò lè búra pé mo gbọ́ òórùn òdòdó rẹ̀ rí. Àdúgbò náà gan-an, orúkọ igi ló ń jẹ́: àràbà ni Hausa ń pè ní rimi.

Mo rántí Flora Shaw níbẹ̀. Obìnrin oníròyìn yẹn ló dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn The Times ní ọjọ́ 8 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1897. Ní 1902 ló fẹ́ Lugard, ẹni tó yan ilẹ̀ Kàdúná fún olú ìlú Àríwá, tí ìjọba fi kó wá síbẹ̀ láti Zungeru ní 1917. Flora ni àwọn ará Róòmù ń pe òrìṣà òdòdó láyé àtijọ́. Ọkọ Flora ló tẹ ìlú yìí dó, èmi sì ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé kò sí òdòdó níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo jáde sí Ahmadu Bello Way. Ní oríta kan, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti ta okùn láti ara òpó iná kan sí òmíràn, wọ́n fi òdòdó pupa kọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Róòsì ni gbogbo rẹ̀, ike sì ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tó ń dán, wọ́n ti fín lọ́fínńdà sí i. Obìnrin kan tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé ń ná méjì. Nígbà tí ó ráyè, mo bi í ta ló fẹ́ kó o fún. Ó ní ọ̀kan jẹ́ ti ọkọ òun, ọ̀kan jẹ́ ti ìyá ọkọ òun, nítorí bí òun bá fún ọkùnrin náà nìkan, ìyá yóò rí i lórí tábìlì, kò sì ní sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣírò owó ọbẹ̀. Nígbà tí ó lọ tán, ọmọkùnrin tó ń tà á na ọ̀kan sí mi. "Alhaji, kì í rọ, kì í kú. Bó bá dọ̀tí, ẹ fọ̀ ọ́."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i padà, mo dá a padà fún un. Ohun tí mo ń rò ni pé ọ̀pọ̀ nínú róòsì tòótọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ń fún ara wọn lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń lọ. Létí adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, inú ilé ọ̀rá ni wọ́n ti ń gbìn ín, bàálù ló sì ń gbé e lọ. Wọ́n ń gba ti ààyè lọ́wọ́ wa, àwa ń ra oníke láti Ṣáínà. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ "kì í kú" yẹn ló wá mú mi rántí àrokò ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn bàbá wa kì í fi òdòdó ránṣẹ́ ìfẹ́, òótọ́ ni. Owó ẹyọ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Bí ọkàn ọkùnrin bá wà lára obìnrin kan, yóò sín owó ẹyọ mẹ́fà sókùn, yóò fi ránṣẹ́ sí i. Mẹ́fà ni ẹfà. Ẹni tó bá gbà á mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Bí tirẹ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, yóò dá mẹ́jọ padà, ìyẹn ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Kò sí ìwé, kò sí alárinà tó ń tú àṣírí. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi àrokò ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó fẹ́ sọ kó tó máa ka owó ẹyọ. Mo bi ara mi lórí ibùsùn ilé àlejò náà pé kí ni mo fẹ́ kí òdòdó bá mi sọ gan-an. N kò rí ìdáhùn tó ju "mo rántí rẹ" lọ.

Ìyá kan wà ní Tudun Wada tí ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ kí. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀, Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Alhaja ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ ni ó ní, "Sannu da zuwa, ọmọ mi. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ewu. Dìde, dìde, ilẹ̀ tutù." Yorùbá rẹ̀ jẹ́ ti Iléṣà láyé ọjọ́ kan, Hausa sì wọ̀ ọ́ lára bí òwú pupa nínú aṣọ funfun. Bí inú rẹ̀ bá dùn, "Kai!" ló ń sọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, Ìjẹ̀ṣà ló ń bọ́ sí.

Ó fún mi ní tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ elégédé tí wọ́n ń pè ní taushe. Ẹran àgbò wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì dùn lọ́nà tí kò jẹ́ kí n rántí àmàlà fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ó gbé zobo wá nínú ife dígí, ó pọ́n dòò, ó tutù. Nígbà tí mo sọ fún un pé òdòdó ni mo ń wá fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan ife náà. Ó ní, "Òdòdó kí ni o tún ń wá? Kí lo ń mu?"

Òótọ́ ni. Zobo, ìṣápá wa náà ni. Ní ilé wa, èyí tó funfun là ń fi se ọbẹ̀ ìṣápá, a sì máa ń fi ẹ̀gúsí sí i. Òkè Ọya ló mú èyí tó pupa, ó sá a, ó rẹ ẹ́, ó sọ ọ́ di ohun mímu tí gbogbo Nàìjíríà ń mu báyìí. Ohun tó ń pọ́n yẹn kì í ṣe ewé, kì í ṣe èso. Apó tó gbé òdòdó ró ni, tó máa ń nípọn sí i nígbà tí òdòdó bá ti rẹ̀ dànù. Wọ́n ń kó o láti Nàìjíríà lọ tà fún àwọn ará Mẹ́síkò. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ń pè é ní bissap, ẹ sọ ọ́ síta kí ẹ gbọ́ bó ṣe sún mọ́ ìṣápá tó. Alhaja fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí tirẹ̀. Kànáfùrù náà, ìrudi òdòdó ni, wọ́n já a kó tó là, wọ́n sì sá a gbẹ. Òdòdó nínú òdòdó ni mo ń mu, tí mo sì ń bi ìyá arúgbó níbi tí òdòdó wà.

Lára ògiri ilé rẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ti gun òkè dé orí páànù, òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ àlùkò, ó fẹ́lẹ́ bí ìwé. Mo yìn ín. Ó ní, "Kì í ṣe tèmi." Ó wá sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Aládùúgbò òun kan, ọmọ gúúsù Kàdúná, onígbàgbọ́, ló gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n jọ ní, ní ọdún tí ó gbé ìyàwó wọlé. Ìyàwó náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Èrèlè ọdún 2000, tó tún bẹ́ ní oṣù Èbìbì ọdún náà, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pín ara wọn síhà odò: Mùsùlùmí sí àríwá, onígbàgbọ́ sí gúúsù. Tọkọtaya náà kó lọ sí Sabon Tasha lóru. Wọn kò lè kó igi. Alhaja ló ń bomi rin ín láti ọjọ́ náà, ọdún 25 rèé. "Tí Kérésì bá ti kù ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin yẹn ń wá. Yóò gé díẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Tèmi náà ti kú."

Ó wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde, ó sì gbé aṣọ kan tí ó ká sínú ọ̀rá wá. Ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ìlú náà, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Ní 1957 ni èyí ńlá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyókù tẹ̀ lé e, òwú Zaria àti Funtua ń wọlé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ń jáde ní Kakuri nírọ̀lẹ́, Yorùbá wà nínú wọn, Ígbò wà, Hausa wà. Kí 2007 tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ti ilẹ̀kùn. Kí n tó wá, mo ti ka ìwé tí Elisha Renne, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2020 lórí ikú àti ilé iṣẹ́ aṣọ Kàdúná, àwọn opó ló kún inú rẹ̀. Nínú ìwé, mo kà wọ́n kọjá. Nísinsìnyí ọ̀kan jókòó níwájú mi, ó ń tú aṣọ.

Òdòdó ló kún orí aṣọ náà, pupa àti òféefèé, àwọ̀ wọn kò tíì ṣá. Ó ní bí àwòrán òdòdó tuntun bá ti jáde ní ilé iṣẹ́, ọkọ òun á ra ọ̀kan wálé kó tó dé ọjà. Wọn kò san gbogbo owó tí wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi kú. Ó ta àwọn aṣọ ìyókù láti fi rán ọmọ lọ sílé ìwé. Èyí nìkan ló kù. Mo ka ọ̀pá rẹ̀ bí ó ṣe ń tẹ́ ẹ sórí ẹ̀ní: mẹ́fà. Láyé àtijọ́, òdòdó ni Yorùbá ń pe aṣọ pupa olówó iyebíye tí àwọn ọba ń wọ̀, n kò sì bi ara mi rí ìdí tí aṣọ àti ìtànná igi fi ń jẹ́ orúkọ kan náà. "Kò sọ fún mi rí pé òun fẹ́ràn mi," ni Alhaja wí, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ igun aṣọ náà. "Ṣùgbọ́n kò ra èyí tó ní àwọ̀ ewéko tútù rí. Ó mọ̀ pé n kò fẹ́ ẹ."

Gbólóhùn yẹn ni mo gbé sùn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ni mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta òdòdó létí odò, kò jìnnà sí Gamji. Odò náà ló fún ìlú ní orúkọ, wọ́n sì ní ọ̀nì ló fún odò ní tirẹ̀, nítorí kada ni Hausa ń pe ọ̀nì. Omi ti fà lọ sí àárín, òkúta yọ. Ọgbà ọkùnrin náà tẹ́ lọ sísàlẹ̀ bèbè: ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi kéékèèké nínú ọ̀rá dúdú, omi ń kán lára wọn. Àwọn ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ọkùnrin ló pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn tó wọ jálàmíà funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí jáde àti àwọn tó wọ ẹ̀wù òyìnbó. Ọkùnrin kan tó ga, tó ní irùngbọ̀n, tó le lójú bí irú èyí tí mo ti ń rò ní Ìbàdàn, ń gbé ìkòkò òdòdó kan sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun.

Ẹni tó ni ọgbà náà ti gbé Ṣáṣá ní Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ta, ó ń ta tòmátì. Yorùbá rẹ̀ kò ní "ẹ" nínú, "ìwọ" ló ń pe gbogbo èèyàn, kò sì dùn mí. Mo ní róòsì ni mo fẹ́, gígé. Ó mi orí. "Róòsì gígé, Jọ́ọ̀sì ló ti ń wá, ibẹ̀ tutù. Kí o tó dé Ìbàdàn, ó ti kú. O fẹ́ gbé òkú fún ìyàwó ẹ?" Ó nu ọwọ́. "Uwargida ni àbí amarya?"

Mo mọ ohun tí ó ń bi mí. Uwargida ni ìyáálé, amarya ni ìyàwó tuntun. Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "To. Òun nìkan ni méjèèjì nìyẹn. Iṣẹ́ ẹ pọ̀." Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí n kò múra sílẹ̀ fún: "Kí ló fẹ́ràn, àwọ̀ ni àbí òórùn?"

Mo dúró síbẹ̀ láàárín ọ̀rá dúdú. Mo mọ irú ata tí ìyàwó mi ń rà. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún bí òjò bá ṣú. Mo mọ ọmọ tó ń fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo mọ orúkọ oníṣègùn rẹ̀. Ọdún 19, n kò mọ̀ bóyá àwọ̀ ni àbí òórùn. Ojú tì mí. Mo ní, "Òórùn," nítorí pé mo ní láti sọ nǹkan kan.

Ọkùnrin náà ní tòun náà fẹ́ràn òórùn. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni òun máa ń ra tùràrí lọ sílé, àgbà obìnrin tó ń tà á ló sì ń yan igi àti èròjà rẹ̀, nítorí ó ti mọ imú ìyàwó òun ju ti ara rẹ̀ lọ. Ìyàwó á fi sórí ẹ̀yinná, á na ìborùn rẹ̀ sórí èéfín náà, yàrá á kún. Ó ń sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà, ojú kò tì í rárá. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀: turare, lalle, kanumfari. Tùràrí, làálì, kànáfùrù. Ojú ọ̀nà kan náà tí àwọn oníṣòwò ń gbà ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà dé ilé wa, a fi wọ́n ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́, a sì gbàgbé ẹni tó kó wọn wá.

Ó fa igi kan jáde láti ẹ̀yìn. Kò ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tínrín, kò ní òdòdó kankan. "Lalle," ni ó wí. N kò rí igi làálì rí láyé mi. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, èyí tí wọ́n pò tí wọ́n fi di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó mi ní Ìlọrin ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó wa. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣí lára rẹ̀. Mo rántí pé mo máa ń di ìka rẹ̀ mú nínú mọ́tò, mo ń wo àwọ̀ rẹ̀, n kò sì bi í ibi tí ó ti wá. Ọkùnrin náà ní bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò tanná: òdòdó wẹ́wẹ́ tó funfun díẹ̀, tó pọ́n díẹ̀, àwọn ará ilé kẹta á gbọ́ òórùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ewé rẹ̀ náà wúlò. Mo ná an díẹ̀ nítorí àṣà, mo san owó. Ó fi àpò tútù wé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó so ó, ó ní, "Allah ya kiyaye hanya," kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Rigasa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọlọ́pàá kan yẹ ẹrù mi wò, ó tú àpò náà, ó rí ewé, ó tún un so fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bí ọkọ̀ ṣe gbéra. Gbogbo wa nínú ọkọ̀ ni a dákẹ́ nígbà tí a dé ibi tí igbó ti sún mọ́ ojú irin. Ìyá tó jókòó tì mí ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo gbé igi náà sórí itan mi. Nígbà tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi tún rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pe ilé.

"Ẹ ti wọ ọkọ̀?"

Mo ní mo ti wọ̀ ọ́. Mo ní, "Ìyá Bọ̀lá, òdòdó wo lo fẹ́ràn?"

Ó dákẹ́. Mo gbọ́ ariwo àwo níbi ìfọwọ́. "Ṣé kò sí nǹkan? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn ń béèrè ni."

Ó tún dákẹ́, ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé ìlà ti já. Ó wá ní òdòdó ọsàn. Pé igi ọsàn kan wà lẹ́yìn ilé ìyá àgbà òun ní Ọ̀fà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ̀ní sí fún òun àti ìyá àgbà náà, bó bá ti ń tanná, òun kì í fẹ́ wọlé sùn. N kò gbọ́ nípa igi yẹn rí. Mo ti dé ilé náà, mo ti jẹun níbẹ̀, n kò dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Mo bi í bóyá igi náà ṣì wà.

"Wọ́n ti gé e," ni ó wí. "Ó ti pẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi ń béèrè?"

Ìyá tó jókòó tì mí ti káwọ́ kúrò lórí tẹ̀sùbáà, ó ń fi ìka kan ewé tó wà lórí itan mi, ó sì ń bi mí ní Hausa bóyá fún ìyàwó ni.